Fọ́tò Tí Ọkùnrin Kankan Kò Gbọdọ̀ Rí

Mo ti gbà láti ta ẹ̀rọ náà. Kí n má purọ́, ọkọ mi ló pinnu, èmi kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni èyí tí àwa onífọ́tò ń pè ní ẹ́ńlájà, tí a máa ń ki nẹ́gátíìfù bọ̀ lókè kí iná inú rẹ̀ lè tan ojú èèyàn sórí bébà nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ní Fádèyí ló fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, lẹ́yìn tí mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàrin ọkùnrin mẹ́fà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò jẹ ọbẹ̀ tí ọwọ́ tó ń rùn kẹ́míkà bá sè. Mo rí ọkọ fẹ́, ó ń jẹ ọbẹ̀ náà, ó sì ń lá àwo.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà, wọ́n sì ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí Sáàpù dé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ká fara dà á díẹ̀ sí i. Bébà fọ́tò tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, kẹ́míkà gbówó lórí, àwọn tó máa ń kó ọmọ wá ya fọ́tò ọdún wá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá bí ẹni pé wọn ò rí mi. Àwọn tó ṣì lówó díẹ̀ lọ́wọ́, fọ́tò kọ́lọ̀ aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń fẹ́. Láàbù tó ń fọ kọ́lọ̀ ti dé ojú títì Ìkòròdú, ẹ̀rọ ló ń fọ fọ́tò níbẹ̀, gbogbo onífọ́tò Bàrígà sì ń sáré gbé fíìmù wọn lọ. Fọ́tò dúdú-àti-funfun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ di nǹkan àtijọ́. Mi ò gbéra ga o, bó ṣe rí ni mò ń sọ. Mo mọṣẹ́ gan-an, kò kàn sí ẹni tí mo lè ṣe é fún ni.

Ọkọ mi jẹ́ atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó ní kí n ta ẹ́ńlájà, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n máa ta ṣúgà àti mílíìkì lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó ti bá mi rí ẹni tó máa rà á, Sátidé sì lẹni náà fẹ́ wá gbé e. Mo nu ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní bí ìgbà tí èèyàn ń múra fún ọmọ tó ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì ń jágbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá kí mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, àfáà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ọkọ mi pàápàá máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò wọlé. Ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń ya fọ́tò níbí, àbí ọ̀gá yín?"

"Èmi ni ọ̀gá, sà. Èmi náà ni bọ́ìsì."

"Ta ló wá ń bá yín fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni. Dáàkùrúùmù mi, yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ̀ ọ́, wà lẹ́yìn ibí."

"Kò ní dé láàbù rárá?"

"Bíláàkì-ańdì-wáìtì ò nílò láàbù, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilai," ló sọ.

Ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí kì í ṣí ojú sílẹ̀ fún ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn, pásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ ní fọ́tò ojú gbangba. Ó ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa wò ó, ọ̀ràn dandan nìyẹn, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ọkùnrin yà á, òun kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin láàbù máa gbé ojú ìyàwó òun wò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá obìnrin tó ń ya fọ́tò, tó tún ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tó béèrè gbẹ̀yìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bínú. Ó ní kí n kó nẹ́gátíìfù fún òun pẹ̀lú fọ́tò. Kò sí onífọ́tò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ wa ni nẹ́gátíìfù máa ń wà, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà míràn lè padà wá bá wa. Ká ní ọ̀gá mi ni, yóò ti lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀túnla ni Sátidé tí wọ́n fẹ́ wá gbé ẹ̀rọ mi. Mo ní ó dáa, mo sì fi ẹnu ara mi fi kún un pé, "Ọkùnrin kankan ò ní rí i, sà."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé wọn. Mo ti rò pé ìyàwó kékeré ni màá bá, àṣé ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Mo ta aṣọ funfun sí ara ògiri, mo gbé àga sún mọ́ fèrèsé, ó sì ṣí ìbòjú rẹ̀. Ó ti lé tìróò. Ó ní ìgbà tí òun wà lọ́mọdé ni wọ́n ti ya òun gbẹ̀yìn.

Ó jókòó gbọn-in, ó ń wo kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Onífọ́tò, kí ni kí n fi ẹnu mi ṣe?"

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín pa òun náà, ó rẹ́rìn-ín tí gbogbo ara rẹ̀ fi ń mì, ìka mi sì tẹ kámẹ́rà kí n tó mọ̀. Èyí kò wúlò fún pásípọ́ọ̀tù, nítorí náà mo ní kí ó panu dé, mo tún ya mẹ́rin.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ́ńlájà ti ọmọlanke dé ní Sátidé, mo ní kò sí lọ́jà mọ́, mo ṣì ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó bínú, ọkọ mi náà bínú. Mo ra mínírà fún àwọn méjèèjì.

Mi ò rò ó pé yóò tóbi tó bó ṣe tóbi. Ìyá yẹn sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè mí, láti Bàrígà dé Pedro, láti Pedro dé Fádèyí. Àwọn kan ń lọ sí Mẹ́kà. Àwọn mìíràn kò lọ ibì kankan, wọ́n kàn fẹ́ rí bí ojú wọn ṣe rí kí ewú orí tó pọ̀ jù, wọ́n á wọ aṣọ tó dára jù lọ, wọ́n á kó fọ́tò náà pa mọ́ sínú àpótí. Àwọn onífọ́tò tó kù ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́hàá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún pátákó ṣọ́ọ̀bù mi kọ: Obìnrin ló ń yà á, obìnrin ló ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ń wá bí wọn yóò ṣe jẹun, èmi ń wá àyè sinmi.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí mo kó nẹ́gátíìfù fún àfáà, mo ti gé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kúrò. Kò sí ẹni tó ní kí n ya ìyẹn, mo sì rò pé tèmi ni. Gbogbo onífọ́tò ló ní àìsàn yìí, fọ́tò tí a bá yà tó dára, àfi ká gbé e kọ́. Àwọn yòókù ń kọ́ tiwọn sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù kí ayé lè rí i. Èmi fọ tèmi ní ńlá, mo kọ́ ọ sínú dáàkùrúùmù, níbi tí ẹlòmíràn kì í dé. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ba àdéhùn jẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní Pedro, òjò ńlá rọ̀, ọkọ mi sì sáré wọ inú dáàkùrúùmù lọ gbé bébà mi kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Nígbà tí mo dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ni màmá tó ń rẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀ yẹn? Fọ́tò yẹn dára gan-an o."

Ọkùnrin tó ń ra bébà lọ́wọ́ ọkọ obìnrin yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti rí ojú rẹ̀, ó sì ti rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyàwó ẹni tó jẹ́.

"Ṣebí mi ò mọ̀ ọ́n," ló sọ. "Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Inú ń bí mi sí ọkọ mi, inú ń bí mi sí òjò, nígbà tó yá ni mo wá gbà pé ara mi ló yẹ kí n bínú sí. Ohun tí mò ń tà fún gbogbo ilé wọ̀nyẹn kì í ṣe fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n ń rà.

Mo kó fọ́tò náà àti nẹ́gátíìfù rẹ̀ sínú ẹ́ńfílóòpù, mo lọ bá ìyá náà. Ó ti dé láti Mẹ́kà, ó ti di Àlájà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ọkọ ẹ rí i?"

"Ó rí i, mà."

"Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Kò mọ̀ yín, mà. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi. Ó tan sítóòfù. Ó kọ́kọ́ ju nẹ́gátíìfù sí i, ó ká kò, ó sì ń rùn. Lẹ́yìn náà ló fa fọ́tò yọ, ó gbójú kúrò, ó fi iná sí i. Mo sunkún níbẹ̀ láìtijú.

"Má sọ fún bàbá," ó ní. "Èmi náà ò ní sọ. Ìyàwó àbúrò mi ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, wàá yà á. Ṣùgbọ́n màá jókòó tì ẹ́ nínú dáàkùrúùmù yẹn títí tí wàá fi fọ̀ ọ́ tán."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin. Ilé tó bá pè mí yóò yan obìnrin kan tí yóò jókòó tì mí bí mo ti ń fọ fọ́tò, yóò ka nẹ́gátíìfù, yóò sì kó o lọ. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ wá pọ̀ sí i. Kò sí onífọ́tò ọkùnrin tó lè bá mi du ìyẹn, títí tí mo fi kó kúrò ní Bàrígà.

Àlájà fúnra rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó tì mí. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn tán, tó ku iná pupa nìkan, ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ó sì fa àpótí ìjókòó sún mọ́ mi. Mo rọra fi bébà funfun sínú omi kẹ́míkà, mò ń mi abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tìróò kọ́kọ́, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ẹnu. Àlájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ìborùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

"Ṣé bí tèmi náà ṣe jáde nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà. Bó ṣe ń jáde ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín."

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Mi ò tiẹ̀ wò ó," ló wí, "kí n tó sun ún."

Mo gbé fọ́tò náà kúrò nínú abọ́ àkọ́kọ́, mo fi í sínú èkejì.