Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: inú mi ò dùn sí òfin yẹn láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti ṣe é. Òun ló ń dá ilé àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, nínú ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan tí ògiri ẹ̀ ṣì ń run ìyẹ̀fun lẹ́yìn tá a ti kùn ún ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá oníléeṣẹ́ kan ta abọ́ oníke. Ó ní lójoojúmọ́ lòun ń rí i bí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ṣe ń di ohun tí wọ́n fi ń kó pàǹtí. Àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á fajú ro. "Kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbé wá ló máa wọlé," ló máa ń wí. "Mo máa ṣà á ni."

Ṣíṣà yẹn gan-an ló dìjà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ò fọkàn tán an, wọ́n ní ẹrù ẹbí ẹ̀ ló máa kó kún ibẹ̀. Ló bá pè wọ́n jọ, ó sì búra lójú gbogbo wọn. Kò ní sí orúkọ lára ohunkóhun, nọ́ńbà nìkan ni. Gbangba ni wọ́n á ti máa ṣà á, kí kálukú jókòó kó máa wò, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bí òun bá fi ojúsàájú mú ẹyọ kan péré, kí wọ́n wá kó ẹrù wọn, kí òun ti ilẹ̀kùn pa.

Èmi ló ní kí n máa lẹ nọ́ńbà. Ọdún méjìlélógún ni mo lò nílé ìfìwéránṣẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹnu mi yìí, bó ṣe mú tó, kì í jò tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣà á ni màmá wa pè mí wọ yàrá. Apẹ̀rẹ̀ híhun niṣẹ́ màmá. Pankẹ́rẹ́ tí tíṣà fi ń nà wá nílé ìwé, ọwọ́ wọn ni wọ́n ti ń rà á, ibo la sì fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ti fi pankẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á máa fi èékánná ha apá àga. Tó o bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò, wọ́n á ní àwọn ò ro nǹkan kan. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju ojú lọ.

Màmá fa apẹ̀rẹ̀ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Fi nọ́ńbà sí i," ni wọ́n wí. "Àbúrò ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n tún ti ń hun nǹkan. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ fèrèsé, mo yí i po. Ó wọ́. Kò wọ́ púpọ̀, àmọ́ ó wọ́.

"Ó dára, Màmá."

"Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ náà nìyẹn."

Mo lẹ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún mọ́ ọn, látọjọ́ náà ni oúnjẹ ò sì ti lọ lẹ́nu mi mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, màmá ò tún ní fọwọ́ kan pankẹ́rẹ́ mọ́ láyé wọn, ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni wọ́n máa wà. Bí wọ́n bá gbà á, tí ẹnikẹ́ni wá gbọ́ pé ti ìyá ẹni tó ń ṣà á ni, gbogbo làálàá àbúrò mi ti wọmi nìyẹn. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí mo fẹ́ sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣà á, nǹkan bí ogójì èèyàn ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yí ògiri ká, ẹnì kankan ò wúkọ́. Àbúrò mi dúró nídìí tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń po búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, òun àti Tíṣà, bàbá àgbàlagbà tó kọ́ wa ní àwòrán yíyà nílé ìwé. Èmi ni mò ń gbé ẹrù síwájú wọn. Èyí tí àwọn méjèèjì bá jọ mú á lọ sápá ọ̀tún, èyí tí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ á lọ sápá òsì. Ìkòkò kan wọlé. Àga gbígbẹ́ kan jáde, ẹni tó gbẹ́ ẹ doríkodò níbi tó jókòó sí, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ó kan mẹ́tàdínlógún. Mo gbé e kalẹ̀ síwájú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí ò wá sí mi lọ́kàn fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Ọlọ́wọ́ òsì ni màmá wa. Gbogbo àwọn tó ń hun apẹ̀rẹ̀ nílùú yìí, ọ̀tún ni ìhun tiwọn máa ń dà sí. Ti màmá nìkan ló ń dà sósì. Inú irú apẹ̀rẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹ́ àwa méjèèjì sí nígbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́. Nọ́ńbà wo ló fẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀? Orí mi mà kú o.

Àbúrò mi ò tíì fọwọ́ kàn án tí mo ti rí i pé ó mọ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo wolẹ̀.

"Ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló hun èyí," Tíṣà wí. "Ní tèmi, mo gbà á."

Mo ń gbàdúrà sínú, mi ò sì mọ èwo gan-an ni mò ń tọrọ.

Àbúrò mi fìka tọ ara apẹ̀rẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, títí ìka ẹ̀ fi dúró. "Ìlà kẹsàn-án," ló wí. "Ó fo ọ̀pá kan níbí nínú àwọn tó nà ró yìí, kò mọ̀, ó sì ń hun lọ. Láti ibí ló ti wọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ tó báyìí, kò yẹ ká gba èyí lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó gbé e sápá òsì.

Inú bí mi, n ò ní purọ́. Díẹ̀ ló kù kí n la tábìlì yẹn mọ́ ọn lórí. Ìyá tó bí i lọ́mọ. Ṣé kò lè dijú ni? Mo gbé méjìdínlógún wá, mo jù ú kalẹ̀ gbì.

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń wá irọ́ tí màá pa. Àyè ni ò sí. Apẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù. Tíṣà ni ò fẹ́. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, kò sí èyí tó bọ́gbọ́n mu nínú wọn.

Màmá nawọ́ gba apẹ̀rẹ̀. "Kí ni àbúrò ẹ wí?"

"Màmá, àyè ni ò..."

"Mo ní kí ló wí? Irọ́ yín ti sú mi."

Ni mo bá sọ ọ́. Ìlà kẹsàn-án, ọ̀pá kan, gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń bọ́ lójú mi. Màmá fi àtàńpàkò ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dúró.

"Òun nìyí," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Ó pé ọdún méjì tí gbogbo yín ti ń ní ó dára, ó dára. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá, pé àánú mi lẹ kàn ń ṣe. Àṣé ọ̀pá kan ni." Wọ́n fa àga wọn kúrò lẹ́bàá fèrèsé. "Bomi wá."

Omi la fi ń rẹ pankẹ́rẹ́ kó lè rọ̀. Mo bu báàsìn kan wá.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, kò kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Àbúrò mi ni, ojú ẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè wọlé," ló wí. "Ṣé wọ́n ń sunkún?"

Àtọ̀sán ni mo ti tọ́jú èébú dè é. Mi ò rántí ẹyọ kan mọ́.

"Wọ́n ń tú apẹ̀rẹ̀ náà ni," mo wí.

"Wọ́n tú u dé ibo?"

Kí n tó dáhùn, màmá ti sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Ní kó wọlé wá máa ka ọ̀pá fún mi. Ìwọ kọ́. Ìwọ á kàn ní ó dára."

Mo yà fún un lọ́nà, ó sì wọlé lọ bá wọn.