Ó Bọ́ Sí Apá Oògùn Àtijọ́

"Wọ́n omi sí i! Má bẹ̀rù, wọ́n ọn kí ó tó tutù!"

Ìkòkò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde ni, ó ń pọ́n yòò. Ìyá àgbà mi fi igi gígùn gbé e sókè, èmi sì ń fi ìgbálẹ̀ kékeré wọ́n omi èèpo irúgbá, tó máa ń mú ìkòkò dán, sí i lára. Ó dún ṣàà, èéfín bo ojú wa, òórùn kan tó korò tó sì dùn mọ́ni gba gbogbo agboolé. Èéfín náà kò tíì lọ tán nígbà tí mo rí i tí ó gbé igi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ó lóṣòó, tí ó fi apá méjèèjì di ikùn mú. Mo rò pé iná ló jó o. Nígbà tí ó dìde, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ìró rẹ̀.

"Má sọ fún ìyá rẹ," ó ní.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi sọ fún ìyá mi.

Ìyá ìyá mi ni. Amọ̀kòkò ni, ní agboolé kan nílùú Ìlọrin tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó bí ìyá tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti dàgbà, nítorí pé Ọjà-Ọba ni ìyá mi máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí Ìyá àgbà bá ti kírun Àsùbáà tán, ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ lórí ẹní mi ni odó: gbì, gbì, gbì. Amọ̀ ló ń gún. Bí ó bá ń mọ ìkòkò ńlá, kì í jókòó. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde, yóò sì máa ṣe sàlátù Ànábì lábẹ́ ètè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìkòkò kan bá fọ́ nínú iná, á ní, "Ìyẹn ti lọ nìyẹn," á sì tún bu amọ̀ mìíràn.

Ní ọsibítù, wọ́n ti nǹkan oníná kan gba ìdí wọ inú rẹ̀, wọ́n sì bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò. Obìnrin ni dókítà náà, ọ̀dọ́ tó wọ híjáábù, tó ń sọ Yorùbá wa bí ẹni pé ìdílé wa ni wọ́n bí i sí.

"Màmá, jẹjẹrẹ ni," ó ní. "Inú ìfun ńlá ló wà. Ara àwọn ibi tíńtìntín tó máa ń sun omi nínú ìfun ló ti bẹ̀rẹ̀. Adenokasinóòmà là ń pè é."

Ìyá àgbà gbìyànjú láti pè é, ó há a lẹ́nu. "Orúkọ yìí gùn ju oríkì lọ. Ṣé ẹ lè gé e kúrò?"

"A lè gé e."

"Ẹ gé e."

Wọ́n gé e. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, dókítà tún pè wá. Ó ní iṣẹ́ abẹ ti yọ èyí tí ojú rí, ṣùgbọ́n àìsàn náà lè sá pamọ́ sára kó tún padà wá. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fà sí ara èèyàn nítorí ìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Oògùn tuntun kan wá dé tí wọ́n fẹ́ fi kún un, wọn kò tíì mọ̀ bóyá ìyẹn yóò sàn jù.

"Ìwádìí ni, Màmá. Àwọn kan máa gba ti àtijọ́ nìkan, àwọn kan á gba méjèèjì pọ̀. Èmi kọ́ ni màá yàn. Kọ̀ǹpútà ni yóò pín in, bí ẹni tó ń ṣẹ́ gègé. Bí ẹ kò bá fẹ́, a óò tọ́jú yín bákan náà. Bí ẹ bá wọlé, ìgbàkígbà tó bá wù yín lẹ lè jáde."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní àdúgbò Post Office, ti dìde lórí àga. "Dókítà, ìyá mi kì í ṣe eku. Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n fẹ́ fi yín dán oògùn wò ni."

Ìyá àgbà kò dìde. "Gbogbo oògùn tí o ti mu láyé, ṣé kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mu ún? Jókòó, bàbá mi." Ó wá kọjú sí dókítà. "Bí kò bá wò mí sàn, ṣé ẹ óò rí nǹkan mọ̀ níbẹ̀?"

"A óò rí i, Màmá."

"Fún àwọn tó ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Bísímíláì."

Gbogbo wa ni a gbàdúrà kí ó bọ́ sí apá àwọn tí yóò gba oògùn tuntun. Òun pàápàá gbà á, mo gbọ́ ọ lórí ẹní ìrun. Apá àtijọ́ ló bọ́ sí.

Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá. "Ó ti parí nìyẹn," ó ní. "Ọsibítù ìtòsí níbí lè fún yín ní oògùn àtijọ́. Kí lẹ tún ń wá lọ sọ́hùn-ún, tí wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ yín, tí wọ́n á máa bi yín ní ìbéèrè bí ẹni ń jẹ́jọ́? Ẹ jáde, Ìyá."

Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán kí ó tó dá a lóhùn. "Wọ́n ní àwa ni wọ́n máa fi àwọn ti tuntun wé. Bí gbogbo àwa tí a bọ́ sí àtijọ́ bá bínú kúrò, kí ni wọ́n máa fi wé?"

"Kí ẹlòmíràn dúró."

"Èmi ni ẹlòmíràn náà," ó ní, ó sì wọlé lọ kírun.

Ọwọ́ rẹ̀ ni oògùn náà kọ́kọ́ mú. Ọyẹ́ ni nígbà náà. Bí ó bá fọwọ́ kan omi tútù, á fà á sẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Amọ̀ tó ti ń fọwọ́ pò láti kékeré wá di ohun tó ń dá a lóró. Èmi ni mò ń gbé omi kaná láràárọ̀, tí mò ń fi pò ó fún un. Amọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní òórùn tirẹ̀, ó jọ ti òjò àkọ́rọ̀. Yóò jókòó tì í, aṣọ òtútù lọ́rùn, ètè rẹ̀ ti gbẹ, yóò sì máa mọ ọ́n. Bí èébì bá ń gbé e, á dìde lọ sẹ́yìn ilé, á padà wá.

Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ kú tipiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mọ àmù ńlá kan, ó ku ọrùn rẹ̀ nìkan. Ọwọ́ tó wà nínú kò mọ bí ara amọ̀ ti tín-ín-rín tó mọ́. Ọwọ́ náà la ara àmù yọ síta, gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí, n kò sì tún rí i lẹ́yìn ìgbà náà.

"Màmá, ẹ lè dáwọ́ dúró," ni dókítà sọ nígbà tí a débẹ̀. "Ẹ ti ṣe púpọ̀."

"Ṣé ẹ lè dín in kù?"

"Òfin ìwádìí náà gbà wá láyè láti dín in kù."

"Ẹ dín in kù nígbà náà. N ó parí rẹ̀."

Ó sì parí rẹ̀. Àwọn ìṣasùn kéékèèké ló ń mọ nígbà yẹn, nítorí ojú rẹ̀ lè bá ọwọ́ wò wọ́n. Àwọn ìka kan gbádùn padà, àwọn kan kò gbádùn mọ́.

Ó ti pẹ́, mo ti wà nílé ìwé girama, nígbà tí dókítà fúnra rẹ̀ wá sí agboolé wa. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá àgbà, ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Ìwádìí ti parí. Láàárín àwọn tó gba oògùn méjèèjì, àwọn tí àìsàn náà padà sí lára kéré sí ti àwọn tó gba ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pòṣé, ó yí ojú sí ògiri.

N kò ní parọ́ pé kò dun Ìyá àgbà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ká etí ìró, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Ó ní, "Ṣé òun ni wọ́n á máa fún àwọn tó ń bọ̀ báyìí?"

"Òun ni, Màmá. Kò tún sí gègé mọ́."

"Àlùhámúdù lílááì." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó tún lo ọdún bíi mélòó kan pẹ̀lú wa, ó sì tún mọ àmù ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i kí àìsàn náà tó padà, kí ó wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló kú, wọ́n sì sin ín kí ìrun àlàásárì tó tó.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin aránṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ẹ̀gbẹ́ wa ní irú àìsàn yẹn. Mo bá a lọ sí ọsibítù. Dókítà mìíràn ló bá wa sọ̀rọ̀, ó ní oògùn méjèèjì ni wọ́n máa fún un. Aránṣọ náà béèrè pé ṣé ó dájú. Dókítà ní, "Ó dájú, a ti dán an wò," ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rántí àmù tó rọ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá àgbà.

N kò lè mọ ìkòkò tó dúró. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ Ìyá àgbà ni pé èèyàn lè rí ìpín tí kò dára gbà, kí ó mọ̀ pé kò dára, kí ó sì dúró tì í títí iṣẹ́ á fi parí. Mo ti dúró báyẹn lẹ́ẹ̀mejì nínú ayé tèmi, kò rọrùn, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Aránṣọ náà ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, mò ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Kò mọ ìyá àgbà mi, kò sì sí ìdí tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n.