Àkìtàn Mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó

Ẹni tó bá dé àdúgbò wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó á rí i pé géètì ilé mi ló dára jù níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jó irin rẹ̀ pọ̀. Géètì tó tẹ̀ lé e ní ẹwà, ti alága ẹgbẹ́ onílé wa ni, èmi náà ni mo ṣe é, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín èmi àti òun. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó já a jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé títí tí ojú wọn fi ń wá awò ló ń wá bẹ̀ mí kí n bá wọn ṣe ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ló dá ọ̀rọ̀ àkìtàn sílẹ̀. Ó wá lo ìsinmi nílé, ó ní bí a ṣe ń gbé ayé kò dára tó. Ayé ń gbóná sí i, ọ̀rá tí à ń dà nù kì í jẹrà, nítorí náà kí a máa ya èyí tó lè jẹrà sọ́tọ̀, kí a kó o jọ sí ẹ̀yìnkùlé kó di ilẹ̀dú. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nínú fóònù. Mo wò ó títí, ẹ̀rín sì pa mí. Àkìtàn ni. Àkìtàn ìyá mi ní Ọ̀tan-Ilé gan-an ni, àfi pé òyìnbó kan ti fi pákó yí i ká.

Mo ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyí?"

Ó ní, "Dádì, èyí yàtọ̀."

"Kò yàtọ̀. Ìyá mi kò mọ A, kò mọ B, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ sì tutù ju gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yín lọ."

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Gbogbo ohun tó bá kúrò ní ilé ìdáná ìyá mi, ẹ̀yìn ilé ló ń lọ: èèpo iṣu, eérú, ewé tí a fi jẹ ẹ̀kọ, èèpo kòkó tí bàbá mi bá kó bọ̀ láti oko. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan, ìbẹ́pẹ á hù níbẹ̀, tòmátò wẹ́wẹ́ á hù, elégédé á fà kalẹ̀ bí ẹni tó jogún ilẹ̀. Ìgò tí bàbá mi fi ń gbé epo lọ sí oko dàgbà jù mí lọ. Bí agbọ̀n bá bàjẹ́, a ó tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é tún ṣe mọ́, adìyẹ á yé ẹyin sínú rẹ̀. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ìtọ́jú ayé. Ìṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí owó díẹ̀ wọlé ni a wá kọ́ bí a ṣe ń da nǹkan nù.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi, ọmọ Òṣogbo, dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ ra sìmẹ́ńtì, ẹ kọ́ ilé, ẹ kùn ún, àkìtàn ló wá kù tí ẹ fẹ́ kí n máa bá gbé." Mo sọ fún un pé àwọn bàbá rẹ̀ náà ní àkìtàn kí sìmẹ́ńtì tó lé e jáde láàárín ìlú. Ó pòṣé. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé èèpo ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀.

Alága ni kò fẹ́ rí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó débi pé ó máa ń gbá iyanrìn ojú títì tó wà níwájú ilé rẹ̀, bí ẹni pé iyanrìn kò ní ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ orí lókè ògiri, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó bi mí pé kí ni mò ń sin síbẹ̀. Mo ní ilẹ̀dú ni mò ń ṣe. Ó ní òun kò tíì gbọ́ pé ilẹ̀dú ń rùn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé mítìn àwa onílé, tí a máa ń ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ní eku á wá, ejò á tẹ̀ lé eku. Wọ́n fẹnu kò pé bí àkìtàn náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní mítìn tó ń bọ̀, àwọn á pe ọkọ̀ akólẹ̀ kó wá kó o lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kì í jókòó kí wọ́n máa pín ogún rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo dìde. Mo ní kí mítìn tó ń bọ̀ jókòó sí ilé mi. Mo ní inú àkìtàn yẹn ni n ó ti bọ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, kó dúró. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, èmi fúnra mi ni n ó kó o sínú ọkọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé mi kò ní ọgbà ní ìhà tó kọjú sí ojú ọ̀nà. Bí àwọn tó ń kọjá ṣe rí ìdọ̀tí tí wọ́n kó jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kún un: ọ̀rá omi, ìlédìí ọmọ, agolo. Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n tèmi kọ̀ ọ́. Mo bá rántí ohun tí bàbá mi máa ń ṣe bí àwọn olè bá ń já kòkó rẹ̀. Mo so ààlè tí ń mú olè. Mo so ṣùkù àgbàdo, bàtà tó ti gbó, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa pọ̀. Orí igi ni bàbá mi máa ń gbé tirẹ̀ kọ́, ikán á sì jẹ ẹ́. Èmi jó irin kan tó ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo kùn ún lọ́dà kó má dógùn-ún, mo rì í mọ́lẹ̀, mo fi wáyà dè é gírígírí. Ààlè tó gbayì bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè rí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ju nǹkan síbẹ̀ mọ́. Òjò rọ̀, elégédé hù, ó ràn. Gbọ́rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ewé rẹ̀ tí à ń jẹ, tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ọwọ́ wẹ́dà sì ni ọwọ́ mi. Ìtàkùn kan gun ògiri, ó sọ̀ sí ọ̀dọ̀ alága bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ará ilé kejì. Mo ń retí kí alága gé e dànù, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ mítìn pé. Ìyàwó mi fi gbọ́rọ̀ náà se ọbẹ̀, ó fi ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ sí i. Èmi ni mo gún iyán. Àwo oníke kankan kò sí níbẹ̀, ewé ni mo fi pọ́n iyán fún oníkálukú. Wọ́n jókòó, wọ́n wo iyán, wọ́n wo ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́ sí omi ìfọwọ́. Ọ̀kan ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Èkejì ní dókítà ní kí òun má jẹ iyán mọ́. Ọ̀kan ní òun ń gba ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo rí i lẹ́nu géètì mi tó ń jẹ gúgúrú.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ta pákó lẹ́bàá títì ló là á mọ́lẹ̀. Ó ní, "Wẹ́dà, ẹ má bínú. Ààlè wà lórí ẹ̀fọ́ yìí, orí irin ló sì wà. Ẹ̀yin àti Ògún lẹ mọ ohun tí ẹ jọ sọ."

Mo ní n kò bá Ògún sọ nǹkan kan, nítorí ikán ni mo ṣe lo irin. Wọ́n ń wojú ara wọn. Mo bu iyán, mo jẹ ẹ́ lójú wọn. Wọ́n ní èmi ni mo ni ín, kò lè mú mi. Mo bu òmíràn, mo wá kíyè sí i pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò tó. Mo wo ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀. Obìnrin tó se ọbẹ̀ náà kò tọ́ ọ wò.

Alága dìde, kò tilẹ̀ pariwo. Ó ní Wẹ́dà ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àdéhùn, gbogbo wa ló sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́, nítorí náà kí ọkọ̀ wá lọ́la. Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sórí ewé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú nìkan. Ilé ìyá mi ní Ọ̀tan-Ilé ti wó, ibi àkìtàn rẹ̀ ti di ilé ìtajà. Àkìtàn yìí nìkan ni ohun tí mo rí ṣe tó jọ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá alága wọlé dé. Ìyá àgbàlagbà ni, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí ló ń gbé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Ó ní òun gbọ́ òórùn uyán láti inú yàrá. Bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é nìyẹn. Ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó bù ú.

Alága sáré bọ́ síwájú. "Màmá, ẹ má jẹ ẹ́. Ààlè wà lórí rẹ̀."

Ìyá gbé òkèlè mì ná. "Olè ni ààlè ń mú. Kì í mú ẹni tí olóko fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù fún." Ó bu òmíràn. "Irin tí wọ́n kùn lọ́dà bí ọkọ̀ tuntun yẹn, ìyẹn náà lẹ pè ní ààlè? Ẹ̀ka tútù ni à ń so ó mọ́."

Alága ní, "Màmá, inú ìdọ̀tí ló ti hù."

"Gbọ́rọ̀ tí o fi jẹ uyán lánàá, níbo lo rò pé mo ti já a?"

Alága wo ògiri. Gbogbo wa wo ògiri. Ìyá ní ìtàkùn náà ló wá kí òun nílé, àbí kí òun má dáhùn? Ó ti ń já a láti ìgbà pípẹ́, ọmọ rẹ̀ sì máa ń ní kí wọ́n bu kún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kò jẹ́ kí n mọ òun. Ẹni tí dókítà kà á léèwọ̀ fún ló kọ́kọ́ fọwọ́, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ṣínu pẹ̀lú oòrùn lójú ọ̀run. Alága ló kù. Ìyá rẹ̀ bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó nà án sí i bí ẹni ń fún ọmọ ìrákòrò lóúnjẹ. Ó jẹ ẹ́. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Àkìtàn mi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ní kí n kó o ló ń gbé èèpo wọn wá báyìí, mo sì máa ń dúró tì wọ́n kí wọ́n ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn títì ti wá wò ó. Mo ṣàlàyé fún wọn dáadáa, n kò gba kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá alága ní kí n fa irin mi tu. Ó gé ẹ̀ka tútù, ó so ààlè tirẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́, ó ní kí n lọ wo géètì mi bóyá ó ti dógùn-ún. Láti ọjọ́ náà, bí gbọ́rọ̀ bá wù mí jẹ, màá lọ kan géètì alága, géètì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, màá bẹ ìyá pé kí wọ́n wá bá mi já a.

Ọmọ mi bi mí pé ṣé ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo ní àgbà ni mò ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lọ já díẹ̀ wá, kí a fi jẹ iyán. Mo ní gbọ́rọ̀ kò wù mí jẹ lónìí.