Ẹ̀rọ Búlọ́ọ̀kù

Bí mo bá ti gbọ́ tẹ́nì kan ní "a dúpẹ́," Uncle tí a jọ máa ń wọ mọ́tò wọn láti Conyers lọ síbi iṣẹ́ ní Marietta, l'Amẹ́ríkà níbí, ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa wo bí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣe ń lọ: ṣé ọjà ń wọ́n sí i, ṣé àwọn ènìyàn ń ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti Nàìjíríà, etí ni wọ́n fi ń wò ó.

Láàárín traffic, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin n'Íbàdàn lórí speaker.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni nǹkan?"

"A dúpẹ́."

Wọ́n á yíjú sí mi. "Ó pọ̀, a dúpẹ́. Ó wọ́n, a dúpẹ́. Òṣùwọ̀n tí kì í lọ sókè, tí kì í sọ̀ kalẹ̀, kí la fẹ́ fi wọ̀n?"

Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n ni Uncle ń tẹ́tí sí nínú fóònù ní tiwọn. Bó bá ń dún, àwọn ènìyàn ń kọ́lé nìyẹn, Uncle á sì kọrin dé Marietta. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orin náà dákẹ́ pẹ̀lú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ò dúpẹ́.

"Àbúrò mi, ó ti sú mi. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù yìí ti tún dé. Wọn ò jẹ́ kí n sun oorun ọ̀sán."

Uncle yà sí gas station, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Èmi ni mo dáhùn. "Wọ́n ń dúpẹ́ ni, mà."