Orúkọ Tó Jáde Lábẹ́ Àwòrán Ìyá Ọkọ Mi

Òórùn omidùn tó ti kan ni páànù fíìmù àtijọ́ máa ń ní. Yàrá ìyá ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan kún fún un, kò sí tùràrí tó lè borí rẹ̀. Nígbà èwe wọn, àwọn ló ń gé fíìmù, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, fún gbajúmọ̀ olóòtú kan láyé sinimá àtijọ́. Síbẹ̀, orúkọ wọn kò jáde lójú sinimá rí. Wọn kì í ráhùn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń yin baba náà, wọ́n á ní, "Hùn, ó gbìyànjú."

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, olùdarí kan, ọmọbìnrin tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Oníkàn, wá bá wa. Ó ń ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé baba náà, tó ti di olóògbé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkùnrin méje la ti gbà sílẹ̀. A ò fẹ́ kó jẹ́ ọkùnrin nìkan." Ṣé wọ́n fẹ́ fi arúgbó dí àlàfo ni? Akọ̀wé lọ́ọ́yà ni mí ní Igbosere. Ìwọ náà mọ irú wa: a kì í gba ẹ̀rín ẹni gbọ́ títí a ó fi ka ìwé rẹ̀ tán. Ìfura loògùn àgbà. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ìyá máa ṣa ẹ̀wà níwájú kámẹ́rà, mo gbaná jẹ.

"Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù ni?"

Wọ́n gbé ẹ̀wà kúrò, ìyá sì mú sísọ́ọ̀sì tí àwọn fúnra wọn fi ń gé fíìmù láyé ọjọ́sí. Mo ka ìwé àdéhùn lẹ́ẹ̀mẹta, mo fagi lé ìlà méjì. Bí ìyá ṣe ń kírun lọ́wọ́, olùdarí na bébà kékeré kan sí mi. "Ẹ bá wa kọ orúkọ tá a máa fi sábẹ́ àwòrán màmá." Mo kọ ọ́ wéré, mo sì padà sídìí àdéhùn tí mò ń fura sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Oníkàn, gbogbo agboolé la lọ. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan jáde tòun ti orúkọ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ìgbà tó kan ìyá, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ gùn ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Abẹ́ àwòrán wọn ni mo wò: "Ìyá Àgbà". Ó tán.

Mo fò dìde. "Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́ wa jẹ!"

Olùdarí kò bá mi jà. Bébà kékeré yẹn ló yọ jáde, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló sì wà níbẹ̀. "Ìyá Àgbà" ni mo kọ síbẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Láti ogún ọdún, orúkọ náà kò gba ẹnu mi kọjá rí, kálàmù mi kò sì rántí rẹ̀.

"A ṣì lè tún un ṣe," ni olùdarí wí. "Kí ni orúkọ wọn gan-an?"

Èmi ni ìyá ń wò. Ojú gbà mí tì, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Lẹ́yìn náà ni mo pè é: "Rísíkátù Àjọkẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá sọ fún olùdarí. "Ẹ má kọ màmá kankan mọ́ ọn."

Gbogbo èèyàn ni mo fura sí nígbà náà, àfi ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún ìyá.