Àkàrà Ọjọ́ Tí Àpò Gbẹ

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi ní páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sínú ikùn lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí tó fi fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi sì ń kóra jọ síkùn rẹ̀. Dókítà ń wo omi náà lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń ti abẹ́rẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, kí omi máa gbà á jáde sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e padà sílé wa ní Awoyaya, tòun ti rọ́bà, tòun ti àpò.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ẹ ò lè bá a gba Lẹ́kkí Phase 1 kọjá kó má fi ilé tó mọ hàn yín. Ojú àpò yẹn ń tì í, aṣọ ló máa ń fi bò ó bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Màmá mi ló ń tọ́jú àpò. Tó bá ti kún láàárọ̀, ẹ̀rù á ba gbogbo ilé, torí wọ́n sọ fún wa nílé ìwòsàn pé tí omi bá pọ̀, inú ṣì ń jò nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi sáré dé nígbà tí màmá mi pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ó ti gbẹ o! Ó ti gbẹ!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní ká pe nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì kí ló fẹ́ wá ṣe?" ni màmá mi dá mi lóhùn. "Ṣé o fẹ́ kó tún máa jò ni? Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà jù."

Ó rẹ ẹ̀wà, ó dín àkàrà sàárà, a pín in yí àdúgbò ká. "Ẹ kú ewu," ni gbogbo ayé ń kí wa. Mo jẹ tèmi, ó sì dùn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ara bàbá mi ti ń gbóná, ó ń gbọ̀n. Bí a ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀, àwọn kan ṣì ń dúpẹ́ àkàrà.

Nílé ìwòsàn, dókítà tún wo ojú ẹ̀rọ. "Mummy, kò gbẹ o. Tube yẹn ló ti block. Inú ni gbogbo ẹ̀ wà."

Òórùn epo ṣì wà lọ́wọ́ màmá mi.

Wọ́n fi rọ́bà mìíràn sí i, ọyún ló ń tibẹ̀ jáde. Ó ti pẹ́ jù, ìdọ̀tí náà ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi: wọ́n kọ́ wa láti bẹ̀rù tí omi bá pọ̀, wọn ò kọ́ wa láti bẹ̀rù tí kò bá sí.

Kò pẹ́ tí a sin ín ni aládùúgbò wa kan ti ìrìn àjò dé. Wọ́n ti bá a gba àkàrà tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì tíì gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó gbé abọ́ wa wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mummy, ẹ kú ewu o! A dúpẹ́. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà," ni màmá mi wí, ó sì gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.