Ọjọ́ tí Èmi àti Ìyá Èkó Wá Ìpara Kiri Ọ̀tà

Òórùn tùràrí ni mo fi ń rántí Ọ̀tà ayé ìgbà náà. Bí Máólúdì bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, kò sí ojúlé Mùsùlùmí kan tí èéfín olóòórùn dídùn kì í rú jáde níbẹ̀. Wọn á kó ẹ̀yinná sínú àpáàdì, wọn á wọ́n tùràrí sí i, wọn á da apẹ̀rẹ̀ bò ó, wọn á sì tẹ́ agbádá àti ìró sórí apẹ̀rẹ̀ náà títí èéfín á fi wọ inú òwú lọ. Ìwọ tí o máa ń gba Sàngó kọjá lónìí, tí èéfín ilé iṣẹ́ ń mú ọ wúkọ́, o lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà ìjọba òyìnbó, ẹni tó ń ti ọ̀nà Agége bọ̀ nínú lọ́rì á ti gbóòórùn ìlú wa kí ó tó rí òrùlé ilé kankan.

Kì í ṣe tùràrí nìkan. Àwọn èèyàn máa ń wá láti Èkó àti Agége lọ́sẹ̀ náà láti ra ohun tí wọn yóò fi ṣọdún. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ dúró, níbi tí àwọn Haúsá ń tẹ́ ẹní sí, tí wọ́n sì ń to ìgò lọ́fíńdà kéékèèké lé e. Láti ibẹ̀ wọn á yà sí ọjà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tùràrí àti osùn. Ẹni tó bá sì mọ ohun tó dára kò ní padà sílé láì dé agboolé àwọn obìnrin tó ń se ìpara, ìyẹn àdín tí wọ́n fi osùn àti ewé olóòórùn sè títí yóò fi dì bí òrí.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ìgbẹ́sà ni wọ́n ti gbé mi wá, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kò sì tíì pé ọdún kan nílé ọkọ. Yàtọ̀ sí ọ̀nà odò àti ọ̀nà ọjà, n kò mọ ibì kankan ní Ọ̀tà. Ọ̀rọ̀ mi kò sì dùn mọ́ àbúrò bàbá ọkọ mi obìnrin nínú, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Èkó nítorí pé Èkó ló ti ń ṣòwò aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti ní ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́kàn fún ọkọ mi, ọmọ Èkó tó kàwé kéú dáadáa, kò sì wá síbi ìgbéyàwó wa. Nígbà tó wá dé fún Máólúdì ọdún náà, kò bú mi, kò sì ṣe mí níkà. Ó kàn jẹ́ pé kì í pè mí ní ìyàwó bí àwọn ará ilé yòókù. "Ọmọbìnrin yìí" ló ń pè mí, bíi pé ọjà ni mo wá rà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá sì kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti kọjá lórí mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún ìyá ọkọ mi wú, àlejò sì kún ilé. Ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó, ìwọ ni kí o bá Ìyá Èkó jáde. Mú un dé gbogbo ibi tó bá fẹ́."

Àyà mi já. Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀nà, ṣùgbọ́n Ìyá Èkó ti dá a lóhùn ṣáájú mi. "Ta ló ń mú mi lọ síbì kan ní Ọ̀tà? Kí ó bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn Haúsá ń fi igi tín-ín-rín tí wọ́n wé òwú mọ́ lẹ́nu kán lọ́fíńdà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà. Òmíràn ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n, òmíràn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé sísín ni mo sín nígbà tó kọjá imú mi. Ìyá Èkó gbóòórùn wọn títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò fi ní àyè mọ́. Kò bi mí pé èwo ló dára. Síbẹ̀ mo ń gbádùn ara mi lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, nítorí n kò tíì rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Nígbà tí a ra tùràrí tán lọ́jà, ó yíjú sí mi. "Ìpara ni mo tilẹ̀ torí rẹ̀ wá," ló wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ tí kì í ṣe pé kí n gbé nǹkan. "Èyí tí ìyá mi máa ń fi para. Kò sí irú rẹ̀ ní Èkó."

A wọ àdúgbò Ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ ń yára rìn, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. A dé iwájú ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti wó, tí igi ìbẹ́pẹ ti hù sáàárín yàrá. Ó dúró, ó ń wò ó. "Ibí ni wọ́n ti ń sè é," ló wí. A tún gba ojú ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì yí wa padà sí ìdí ìbẹ́pẹ yẹn. Oòrùn ti mú. Òógùn ti da gbogbo lọ́fíńdà ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

"Ẹ jẹ́ ká béèrè, mà," ni mo wí.

"Kí èmi béèrè ọ̀nà nínú ìlú tí wọ́n ti bí mi?"

Mo rò pé ó ń bínú ni, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ó dà bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù sínú ọjà. Ìbẹ̀rù tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀ láti àárọ̀ bá fúyẹ́ lára mi.

"Ẹ dúró síbí, mà. Èmi ni màá béèrè. Àlejò ni mí, ojú ò lè tì mí."

Mo lọ bá bàbá aránṣọ kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òjò ló wó ilé náà, pé àwọn obìnrin onípara ti kó lọ sí apá ọ̀nà Ìjù, ó sì fi ọwọ́ júwe ibi tí a ó gbà. Mo padà wá sọ fún Ìyá Èkó. Ó tẹ̀ lé mi. Lójú ọ̀nà, ó rẹ̀ ẹ́, a sì jókòó sábẹ́ igi kan. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà, a jọ jẹ ẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ láti máa béèrè báyẹn?"

"Oko wa jìn, mà. Ọ̀nà pọ̀ nínú igbó wa. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ rí la máa ń bi."

Ó mi orí. Ó ní, "Bí mo bá wá sílé, inú ilé wa nìkan ni mo máa ń jókòó sí. N kò mọ̀ pé ìlú ti kúrò níbi tí mo fi í sí."

A ti gbóòórùn ìpara náà kí a tó rí agboolé àwọn tó ń sè é. Òórùn rẹ̀ wúwo, ó gbóná, kò jọ ti inú ìgò rárá. Ìyá Èkó dúró lẹ́nu àgbàlá, ó fi etí ìborùn nu omijé. Ìyá arúgbó kan tó ń ro ìkòkò gbé ojú sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Ojú yìí jọ ojú ẹnìkan. Ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kànga?"

"Èmi ni, mà."

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ìyá arúgbó náà wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ rẹ nìyí?"

Mo dorí kodò, mò ń retí ohun tí Ìyá Èkó máa ń pè mí.

"Ìyàwó wa ni," ni Ìyá Èkó wí. "Òun ló mú mi dé ibí."

Ó ti ìka bọ inú igbá ìpara tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì fi pa mí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń fi para fún ọmọ ọwọ́.

Ó ti pẹ́ gan-an. Ìyá Èkó gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, a sì di ọ̀rẹ́ ara wa débi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn sí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, mo rò pé ìgbà tí mo bá mọ gbogbo ojú ọ̀nà Ọ̀tà ni mo tó lè pè é ní ìlú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní ṣẹlẹ̀ láyé yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀ pàápàá lè ṣìnà nínú rẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì júwe ọ̀nà fún un láìfi í ṣẹ̀sín. Títí di òní, kò sí ibi tí n kò lè béèrè ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi tí n kì í bá rìn dé ìdajì ọ̀nà.